Ẹran ara tó ń fò: ẹ yé ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí kò ṣe rí, àmọ́ ẹni tó ń ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ẹran ara tó ń fò fúnra rẹ̀ ni. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ò gbé ẹrù, ẹ ò sáré, ìpéǹpéjú yín kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jó fìrìfìrì ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè jẹ́ àtàǹpàkò, ó lè jẹ́ itan, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ojúgun, bíi pé ọmọ aláǹgbá kan há sábẹ́ awọ tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Kì í dunni. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ lé e, ó lè dákẹ́ díẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn nǹkan tó jọ ọ́. Pajápajá kọ́ là ń sọ. Pajápajá máa ń mú ẹran ara le gan-an, ó sì máa ń dunni débi pé èèyàn á fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Ọwọ́ gbígbọ̀n náà kọ́. Ti ọwọ́ gbígbọ̀n, gbogbo ọwọ́ ló máa ń lọ tó ń bọ̀, tí tíì inú ife á máa dà sílẹ̀. Àgbàlagbà tírú ìyẹn bá ń ṣe, kó lọ rí dókítà, nítorí ìtọ́jú tiẹ̀ yàtọ̀. Èyí tá à ń sọ yìí, ibi kékeré kan nínú ẹran ara ló máa ń fò, apá tàbí ẹsẹ̀ ọ̀hún kì í sábà kúrò níbi tó wà.

Àwọn àgbà wa ti fún un ní ìtumọ̀ tipẹ́. Bí ojú bá ń fò, àwọn kan á ní èèyàn fẹ́ rí ẹni tó ti pẹ́ tó rí gbẹ̀yìn, àwọn kan á ní ẹkún ló ń bọ̀. Ilé kan ní tọ̀tún ló dáa, ilé kejì ní tòsì ni. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn o. Ohun tí mo rí níbi iṣẹ́ ni pé bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti di oṣù mẹ́ta, ìtumọ̀ máa ń di ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló sì máa ń sọ ohun tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ di àlejò tí kò fẹ́ lọ mọ́.

Kí ló ń fà á? Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún ẹran ara. Àṣẹ ọ̀hún máa ń gba inú àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kọjá, bí iná ṣe ń gba inú wáyà wọlé. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn fọ́nrán yìí á kàn ṣíná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ọpọlọ rán an níṣẹ́, ìwọ̀nba ẹran ara tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ á sì fò. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko. Àwa nọ́ọ̀sì náà ò yọ sílẹ̀: ẹ wá wo ojú wa lẹ́yìn iṣẹ́ òru mẹ́ta léra wọn.

Àìsùn ló máa ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àṣejù náà wà níbẹ̀, kéèyàn làágùn nínú oòrùn láìmu omi, ọtí líle, àti kaféènì. Ẹ dúró díẹ̀ níbi kaféènì yẹn. Ẹ̀yin bàbá mi, obì tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ì báà jẹ́ àbàtà, ì báà jẹ́ gbànja, kaféènì wà nínú rẹ̀. Ó wà nínú kọfí, ó wà nínú tíì, ó wà nínú ohun mímu inú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu kí oorun má bàa kùn wọ́n. Ó tiẹ̀ wà nínú àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí kan. Hóró Panadol Extra kan ní kaféènì mílígíráàmù 65 nínú. Ẹni tó bá lo méjì láàárọ̀, tó tún lo méjì lálẹ́, ti gbé 260 mì láìfi ẹnu kan kọfí. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 400 lóòjọ́ kì í sábà pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá lára, àmọ́ ara kò dọ́gba. Kaféènì kì í sì í tètè jáde lára: lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Obì aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ojú yín bá ń fò, ẹ fi obì, tíì àti kọfí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo ní díẹ̀díẹ̀ o, torí ẹni tó bá dá a dúró lójijì, ẹ̀fọ́rí lè kí i káàbọ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ léraléra lè fọ èròjà potassium kúrò lára, oògùn tí àwọn alásímà ń fín sẹ́nu sì lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Ẹ má torí ìyẹn sọ oògùn yín nù. Ẹni tó kọ ọ́ fún yín ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan fún yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Tíṣà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ló sì ti ń rí nǹkan kún owó ìfẹ̀yìntì tí kì í tètè dé. Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀yìn ojúgun òsì rẹ̀ ti ń fò nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Aládùúgbò rẹ̀ kan ti sọ fún un pé ọ̀tá ló ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun pè é lórí fóònù, òun ní kí bàbá òun ṣọ́ra, torí àrùn burúkú kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Láàárín ẹ̀rù méjèèjì yìí, bàbá ò lọ sóko mọ́. Koríko ti bo ebè mọ́lẹ̀. Lóru, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa ka iye ìgbà tó fò. Tíṣà ni, ó kúkú ń kọ ọ́ sínú ìwé! Ó mú ìwé ọ̀hún wá hàn mí: ọjọ́, aago, iye ìgbà. Lóru ọjọ́ kan, 147 ló kọ síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò sì sùn, torí kò sí bí èèyàn ṣe máa sùn nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ ẹsẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní kó fi gìgísẹ̀ rìn, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, kó dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Ó fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì bóyá ọ̀kan rù ju èkejì lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ṣúgà, fún iyọ̀ ara, àti fún iṣẹ́ ẹṣẹ́ inú ọrùn tó máa ń wú bí gẹ̀gẹ̀ bá mú èèyàn, torí bí ẹṣẹ́ yẹn bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ara lè máa fò, àyà á sì máa lù kì-kì-kì. Gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ̀yin náà á rò pé bàbá á bú sẹ́rìn-ín. Rárá o. Ó wò mí lójú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, bó bá dára, kí ló dé tó ń fò?"

Ìbéèrè bàbá yẹn lódì fún àlàyé. Àrùn tí ọmọ rẹ̀ ń sọ wà lóòótọ́, ALS ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń pa àwọn fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ fún ẹran ara, ẹran ara á wá máa rù, agbára á sì máa tán. Òun ló mú Lou Gehrig, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù baseball ará Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 1941. Òun náà ló mú Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sọ fún lọ́dún 1963 pé ó ti wọ ara rẹ̀, tó sì wà láyé títí di ọdún 2018. Àrùn tí kò wọ́pọ̀ ni. Ẹran ara máa ń fò nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àìlágbára ló sábà máa ń lé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà: ọwọ́ ò lè de bọ́tìnnì mọ́, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu. Lọ́dún 1993, àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde lórí èèyàn 121 tí ẹran ara wọn ń fò, tí àyẹ̀wò ò sì rí àìsàn kankan nídìí rẹ̀. Wọ́n tọpa wọn, àwọn kan fún ọdún méjì, àwọn kan fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tí àrùn yẹn mú. Mo sọ ọ́ fún bàbá. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

Ó ṣì ń fò nítorí pé ó ń ṣọ́ ọ. Mi ò sọ pé inú ọkàn lásán ló wà o. Ó ń fò lóòótọ́, èmi fúnra mi fi ojú mi rí i. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ajá bá ṣàdédé gbó mọ́ yín lẹ́yìn, àyà yín á já, gbogbo ara á le kankan. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní adírẹ́nálíìnì ni ara tú jáde yẹn, láti fi múra ìjà tàbí sísá. Ẹni tó jókòó lóru tó ń retí kí ẹsẹ̀ òun fò, ajá ń gbó mọ́ ọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ò rọ̀ rí, fọ́nrán á túbọ̀ máa tètè ṣíná, oorun á lọ, àìsùn á tún dá kún un. Yàtọ̀ síyẹn, ohun téèyàn bá ń wá kì í pẹ́ tó fi ń rí i. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ronú nípa ahọ́n yín nísinsìnyí, ẹ ó rí i pé kò sí ibi tó rọrùn láti gbé e sí lẹ́nu mọ́. Ahọ́n yín ò ṣàìsàn.

Kí n tó sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dúró ka ìyókù. Bí ẹnu bá yà lójijì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan sì kú tìpìrì, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹran ara bá ń fò, tí agbára ibẹ̀ sì ń dín kù, tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan ń rù, tí oúnjẹ ń há lọ́fun, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí kan náà. Bí ìpéǹpéjú bá ń fò débi tó ń pa ojú dé, tàbí tó ti ràn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹnu, ẹ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ni ti oògùn apakòkòrò olómi, dichlorvos, tí wọ́n ń fín sínú yàrá tàbí tí àwọn oníwàkiwà ń dà sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Bí ó bá wọ ara èèyàn, ẹran ara káàkiri ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í fò, itọ́ á máa dà, òógùn á bò ó, á máa bì, ẹyinjú dúdú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, èémí á ṣòro. Ikú lè yá níbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má fún un ní mílíìkì. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa irú oògùn yìí nínú ìgò kéékèèké láwọn ọjà wa. Bó bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ kó o kúrò nílé tí ọmọdé wà.

Ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n ní kò sí nǹkan, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ wàyí. Ohun méjì lẹ ó máa ṣe: ẹ ó kọ́ ara ní rírọ̀, ẹ ó sì wá iṣẹ́ fún ọkàn.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ló gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1929 lórí bí èèyàn ṣe lè mú ara rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ara wa le. Èjìká á ti gòkè dé etí, eyín á ti wọnú eyín, a ò ní fura. Ó wá ní kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹran ara le, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ẹ dùbúlẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jókòó sórí àga tó ní ìfẹ̀yìntì. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ ṣí gèlè, ẹ bọ́ bàtà, ẹ pa fóònù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sọ́dọ̀ ara yín títí ojúgun á fi le díẹ̀. Mo ní díẹ̀, kì í ṣe gbogbo agbára. Ẹ kà á dé márùn-ún, kẹ́ ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi ka ogún, kẹ́ ẹ máa gbádùn bó ṣe wúwo. Ẹ má na ìka ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ o, pajápajá lè gbá ibẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fún orúnkún méjèèjì mọ́ra, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ mú ikùn le, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ tú u. Ẹ gbé èjìká lọ sí etí, ẹ jẹ́ kó já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń mí kanlẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù wà. Ojú ló kẹ́yìn: ẹ dijú pinpin, ẹ là á, ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ já bọ̀rọ̀, kí eyín má kan eyín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ má di èémí mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń mú ara le, ẹ máa mí lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó fo ibi tó ń dùn ún. Ẹni tí kò bá rọ́wọ́ ráyè fún gbogbo èyí, kó fi imú fa èémí sínú kó ka mẹ́rin, kó tú u síta kó ka mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èyí ṣeé ṣe nínú mọ́tò, ó ṣeé ṣe nídìí ìsọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń rí: àwọn kan á ṣe é tán, wọ́n á tún yọjú wo ẹsẹ̀, "ṣé ó ti dákẹ́?" Ìṣọ́ náà nìyẹn, aṣọ ló pààrọ̀. Ara lẹ̀ ń mú rọ̀, ẹ ò dẹ pańpẹ́ fún fífò. Bó bá fò níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, ẹ jẹ́ kó fò kọjá, kẹ́ ẹ bọ́ sí ibi tó kàn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí bíi kẹ̀kẹ́ gígùn ló rí, ọjọ́ kìíní kọ́ lèèyàn ń mọ̀ ọ́n.

Ti wíwá iṣẹ́ fún ọkàn ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n nìkan kì í sábà tó. Ojú á wà lára rẹ̀, ọwọ́ á ṣófo, ọkàn á padà sí ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó gba ọwọ́, tó tún gba ọkàn, lẹ fẹ́. Ẹ ṣa ẹ̀wà. Ẹ bó ẹ̀gúsí. Ẹ di irun fún ọmọ-ọmọ yín. Ẹ pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé, kẹ́ ẹ dá orin rẹ̀ kí wọ́n máa gbè é, kò sí ẹni tó lè dá orin àlọ́ kó tún máa ka iye ìgbà tí ìpéǹpéjú fò. Tó bá jẹ́ tèmi, ayò ọlọ́pọ́n ló ju gbogbo wọn lọ fún ẹ̀yin bàbá. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, alátakò tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: ẹni tó bá ń ro ibi tí ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí, ibo ló ti fẹ́ rántí ẹsẹ̀? Lóru, ẹ yí rédíò sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tí tẹ̀súbáà tàbí sáàmù tù lára, kó mú un. Àmọ́ ẹ má fi fóònù wádìí àìsàn láago kan òru, kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó rí oorun sùn.

Ti bàbá tíṣà, a ò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, torí ìwé kíkọ ti mọ́ ọn lára. A kàn ní kó yí ohun tó ń kọ padà. Dípò iye ìgbà tí ẹsẹ̀ fò, kó máa kọ iye ebè tó ro lójúmọ́ àti ẹni tó gbayò. Ó fi obì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìráhùn. Tọ́ọ̀ṣì, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e pamọ́. A tún bá màmá sọ̀rọ̀, torí àràárọ̀ ló máa ń bi í pé, "Ṣé ó fò lóru?" Ìfẹ́ ló fi ń béèrè, àmọ́ ìbéèrè yẹn ló ń rán bàbá létí kó tó fọ ẹnu. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gba ìbéèrè yẹn sínú. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, bàbá mú ìwé rẹ̀ wá. Ebè 40, ebè 35, ọjọ́ kan òjò. Mo bi í léèrè ẹsẹ̀. Ó ní ó ṣì máa ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ti oko dé, òun kàn ń wò ó bí ẹni wo ọmọ aládùúgbò tó ń ṣeré kọjá ni. Ó ń sùn, ìyàwó rẹ̀ náà ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún yín pé ẹran ara yín ò ní fò mọ́ láéláé, ọjà ló fẹ́ tà.

Ẹ̀yin òbí, ti àwọn ọmọ wa díẹ̀. Ọmọ ọwọ́ máa ń ta wìrì nínú oorun, kò séwu bó bá ń dáwọ́ dúró tí ọmọ bá jí. Ọmọ iléèwé tó ń ṣẹ́jú léraléra tàbí tó ń sọ èjìká sókè, tó sì mọ ohun tó ń ṣe láyìíká rẹ̀, ẹ má lù ú, ẹ má sín in jẹ, ẹ má pè é ní aláṣerégèé. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń pariwo lé e lórí ló ṣe máa pọ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àmọ́ ọmọ tí ojú rẹ̀ rà, tí kò dáhùn, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta lọ kódà bẹ́ ẹ bá rọra dì í mú, gìrì tàbí wárápá ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, ilé ìwòsàn ni. Ìkókó tí ara rẹ̀ le gan-an, tí kò lè fa ọmú mọ́, kò gbọ́dọ̀ sun ilé.

Oúnjẹ ò ní kó gùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ àti omi tó tó, wọ́n ń fún ẹran ara ní èròjà tó nílò. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu nìkan ni kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí mu omi àgbọn púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò lè fi sílẹ̀. Àwọn àgbà kan máa ń lọ ra Valium ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà, torí wọ́n ní ó máa ń mú kí ara dákẹ́. Á dákẹ́ lóòótọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, oògùn ọ̀hún á di bárakú, ọ̀kan ò ní tó mọ́, ẹsẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lóru lọ́nà ilé ìtọ̀, ibẹ̀ ni egungun ìbàdí sì ti máa ń ṣẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì o, torí gìrì lè tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú láílọ́ọ̀nù kan, ti dókítà, ti kẹ́mísì, àgbo inú ìgò náà, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ tú u sórí tábìlì níwájú wọn. Wọn ò ní bú yín. Wọ́n á bá yín ṣètò bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pajápajá òru la máa gbé yẹ̀ wò, torí lẹ́tà yín lórí rẹ̀ ti pọ̀ lórí tábìlì mi.